Ẹ Gba Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Iṣẹ́ Abẹ Kejì: Ẹ̀bẹ̀ sí Mínísítà Ètò Ìlera

Ọlọ́lá jùlọ,

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Nítorí àwọn ọmọdé tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń gbá lójú títì ni mo ṣe ń bẹ̀ yín.

Bí ọmọ bá kán lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ti iṣẹ́ abẹ, irin ni àwọn dókítà sábà fi ń de eegun pọ̀. Irin ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí eegun bá jiná tán, irin náà kì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà, wọ́n sábà máa ń ní kí òbí gbé e padà wá kí wọ́n yọ irin náà. Wọn yóò tún fún un lóògùn oorun, wọn yóò tún la ojú ibi tó ti san, òbí yóò sì tún máa wá owó kiri. Ẹni tí kò bá rówó náà, inú ara ọmọ ni irin yóò wà, tí eegun yóò máa hù bò ó.

Ọ̀nà mìíràn ti wà. Láti 1984 ni Dókítà Pentti Rokkanen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ti fi ìṣó tó ń yọ́ nínú ara de ọrùn ẹsẹ̀ tó kán. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òwú ìránmọ́ ojú ọgbẹ́ tí a kì í tú, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn wa ń lò. Ní 2013, Yúróòpù fọwọ́ sí síkúrù onímagnẹ́síọ̀mù tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Bí eegun ti ń jiná ni ara ń gbà á díẹ̀díẹ̀.

N kò ní ká pa irin tì. Eegun itan àgbàlagbà, tó ń ru gbogbo ara, ṣì nílò irin. Ohun tó ń yọ́ yìí lè mú kí ojú iṣẹ́ abẹ ẹlòmíràn wú tàbí kó máa ṣomi. Ó sì wọ́n ju irin lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣírò owó irin, ó yẹ ká ka owó yíyọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, òfin adójútòfò ìlera ti 2022 dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kó kárí ìtọ́jú pẹ̀lú síkúrù tó ń yọ́ yìí fún ọmọ tó bá yẹ. Èkejì, kí NAFDAC, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, yẹ síkúrù náà wò bóyá ojúlówó ni, kí a sì dín owó ibodè rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹta, kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ní Èkó, tó ti ń tọ́jú eegun láti 1945, àti ní àwọn ilé ìwòsàn eegun ti Enugu àti ti Dala ní Kánò. Kí wọ́n kọ́ àwọn dókítà, kí wọ́n sì máa kọ bí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbà á sílẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ̀yin ni iwájú tí àwọn òbí wọ̀nyí ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn.