Ẹ Má Dáwó Aago fún Wa

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó sọ pé Pásítọ̀ ń bínú. A ò bínú rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó ta sí wa létí pé àwọn kan nínú ìjọ ti ń dáwó láti ra aago ọwọ́ fún wa, nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa tó ń bọ̀. Wọ́n ní ₦5,000 ni àgbà kọ̀ọ̀kan máa mú wá, ₦2,000 ni ti ọ̀dọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi fọ́tò aago náà ránṣẹ́ sí fóònù ìyá ìjọ, pé kí wọ́n bá wọn wò ó bóyá ó máa wù wá. Aago olórúkọ ńlá ni, irú èyí tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn olórin.

Ká má parọ́: ó wù wá. Ìdí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Ẹni tó bá sún mọ́ wa mọ̀ pé aago jẹ́ ohun tí a fẹ́ràn láti ìgbà èwe. Mọ́kànlá ló wà nínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa lónìí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fẹ́ràn ò dúró sójú kan. Ó ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbàkígbà tó bá sì yí, a máa ń búra pé èyí ni ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí.

Aago àkọ́kọ́ tí a so mọ́ ọwọ́, Seiko 5 ni, bàbá wa ló sì ni ín. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n. Nígbà tí owó Údójì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rédíò, àwọn míì fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá wa ra aago. Ọdún 1963 ni Seiko ní Jàpáànì kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà 5 tó wà lójú rẹ̀ dúró fún ohun márùn-ún: bí ọwọ́ ẹni bá ṣe ń mì ló ń yí ara rẹ̀, orúkọ ọjọ́ àti déètì wà pa pọ̀ nínú fèrèsé kan, omi ò tètè wọ inú rẹ̀, orí tí wọ́n fi ń yí ọwọ́ aago fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 4, ara rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ sì le. Kò lo bátìrì. Bàbá wa máa ń fi ṣe àwàdà pé ọ̀lẹ ò lè lo aago òun, torí ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, aago rẹ̀ á kú.

Ní 1990 tí a wọ Pólí Ìlaro, wọ́n bọ́ aago náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì fi sí wa lọ́wọ́. Ó yẹ kí a jó. Àmọ́ nígbà tí a dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, Casio làwọn ẹgbẹ́ wa ń lò: oníke dúdú, tó ń fi nọ́ńbà sọ àkókò, tó ní iná kékeré fún òru, tó sì ń ké píí-píí ní wákàtí wákàtí. Wọ́n pe tiwa ní aago bàbá àgbà. Kò tó oṣù mẹ́ta tí a fi fi owó oúnjẹ ra Casio. A wé Seiko sínú áńkáṣíìfù, a tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí a dé ilé fún ìsinmi, bàbá wa wo ọwọ́ wa. Wọ́n ní, "Ṣé aago yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

A ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Ó parí. Wọn ò tún bi wá mọ́ títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ojú wa ń yí báyẹn. Gbogbo ayé ló ṣe é. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, Seiko kan náà gbé aago kan jáde ní Tokyo tí wọ́n ń pè ní Astron, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráàlú tó ń fi òkúta quartz àti bátìrì ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ jẹ́ 450,000 yẹ́ǹ, owó tó lè ra mọ́tò kékeré nígbà náà. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi di pọ́ọ́kú. Ní Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń fi aago ṣe fáàrí láti ayébáyé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ aago tó nǹkan bí 90,000 ní 1970. Kí ọdún márùndínlógún tó kọjá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 30,000 lọ mọ́. Àwọn tó ti ń fi orúkọ Switzerland búra kọ ẹ̀yìn sí i torí ohun tó péye jù tó sì dínwó. Ọdún 1983 ni àwọn Switzerland náà gbé Swatch jáde, oníke aláwọ̀ mèremère, kí àwọn oníbàárà lè padà wálé. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Nígbà tí a di òjíṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù, ìfẹ́ Casio náà tú. Ní ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ kan, ẹnì kan wo ọwọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pásítọ̀, aago ọmọ ilé-ìwé lẹ ṣì ń lò?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ ká sùn. A kó owó oṣù kan àtààbọ̀ lọ sí Èkó, a ra "Rolex" lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ọjà. Ó ní Kútọnu ló gbà wọlé, kò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn. Àwa ọmọ ẹnubodè o! Ó yẹ kí á gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bi ìyá ìjọ léèrè bí a ṣe ń wàásù nígbà yẹn. Bí a bá nà ọwọ́ sókè, a máa kọ́kọ́ fa ọwọ́ kóòtù sẹ́yìn díẹ̀. Oṣù kẹjọ, góòlù ara aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọrùn ọwọ́ wa di àwọ̀ ewé. A gbé e tọ bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Ìlaro. Ọ̀pọ̀ jù lọ Rolex kì í lo bátìrì. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ bíi ti Seiko bàbá wa. Bàbá náà ṣí ẹ̀yìn tiwa, bátìrì kékeré bí ẹyọ owó ló wà níbẹ̀. Wọn ò bú wa. Wọ́n kàn ní, "Pásítọ̀, orúkọ lẹ rà, ẹ ò ra aago."

Lẹ́yìn ìgbà náà ni a wá ka ìtàn Rolex gidi. Ọmọ Jámánì kan, Hans Wilsdorf, ló dá a sílẹ̀ ní London ní 1905. Ọmọ òrukàn ni. Ó ti pàdánù bàbá àti ìyá nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 12. Ní 1945 ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, àjọ náà ló ni Rolex títí dòní, wọ́n sì ń fi lára owó rẹ̀ ṣàánú. A ò kẹ́gàn aago náà o. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Àwa tí a fẹ́ kí ayé rí i lọ́wọ́ wa kí á tó lówó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Nígbà tí GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001, tí àkókò wà lójú fóònù, a bọ́ aago pátápátá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àkókò nìkan là ń wá, kí la tún fẹ́ fi aago ọwọ́ ṣe? Síbẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ wa kan ní ìlú ọba fi èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ àti lílù ọkàn ránṣẹ́. A yọ̀, à ń fi ka ìṣísẹ̀ láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí iná ìjọba lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú sí wa lọ́wọ́ láàárín ìṣọ́ òru, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Ẹ rántí oṣù Kẹjọ 2019 tí ìjọba ti ẹnubodè. Ẹ̀yin ará Ìdìrókò àti gbogbo agbègbè yìí ò lè gbàgbé. Oúnjẹ wọ́n, ọjà dá, a wà nílé. Ọjọ́ kan la tú àpótí àtijọ́ wò, ni a bá kan áńkáṣíìfù yẹn. Seiko bàbá wa ti dúró, gíláàsì rẹ̀ ti há. A mì í díẹ̀. Ọwọ́ kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìbéèrè bàbá wa ló padà wá sí wa létí: ṣé aago yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a sunkún bí ọmọdé.

A gbé e lọ sí Ìlaro. Bàbá atún-aago-ṣe yẹn fọ inú rẹ̀, wọ́n fi epo sí i, wọ́n pààrọ̀ gíláàsì. Òun ló wà lọ́wọ́ wa bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í péye tó fóònù. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa ń fi yára láàárín ọ̀sẹ̀, a sì ń tún un ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. A ò sì ní búra pé òun ni ìkẹyìn. A ti búra jù.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé orúkọ tí a ń tẹ̀ lé máa ń yí sí ibi tí ojú ẹni tí à ń wá wà. Nítorí àwọn ọ̀rẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì la fi kọ Seiko sílẹ̀. Nítorí ojú àwọn òjíṣẹ́ la fi ra ayédèrú. Kò burú kí ìfẹ́ ènìyàn yí padà; ẹni tó bá dàgbà, ìfẹ́ rẹ̀ á dàgbà pẹ̀lú. Kò sì burú kí ènìyàn kó aago jọ. Àwọn ìyá wa kó sányán, àlàárì àti ẹtù sínú àpótí, kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Kí owó rẹ̀ ti jẹ́ owó ẹni ṣáá, kó má sì jẹ́ gbèsè.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kí Pásítọ̀ wa máa rìn bí alágbe ni? Iyì rẹ̀, iyì ìjọ ni." A gbọ́. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, a sì dúpẹ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. A mọ àwọn tó fẹ́ mú ₦5,000 yẹn wá. A mọ opó tó ń yan gààrí láti òru kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sílé-ìwé. Bí aago yẹn bá dé ọwọ́ wa, oorun èéfín gààrí rẹ̀ la máa máa gbọ́ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dùn wá jù. Arákùnrin kan nínú ìjọ yá owó àlájẹsẹ́kù lọ́dún tó kọjá, torí aago olórúkọ tó fẹ́ fi sínú ẹrù ìyàwó. Ìyàwó ti wọlé, oyún ti yọ, wọ́n ṣì ń san gbèsè. A pè é, a bi í léèrè pé ta ló ní dandan ni. Ó bojú wolẹ̀. Ó ní, "Dádì, bí ẹ ṣe máa ń fa ọwọ́ kóòtù yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni." Ẹ̀yin ará, a ò rí èsì fọ̀. Ọwọ́ wa ni ọmọ náà ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó kọjá, kí akápò dá owó oníkálukú padà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi tinútinú sọ pé òun ò gba tòun padà, ohun tí a fẹ́ nìyí: bàbá atún-aago-ṣe ní Ìlaro ti dàgbà, kò sì ní ọmọṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn rán ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ lọ kọ́ iṣẹ́ náà kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ tún lọ tú àpótí bàbá yín wò. Ó lè jẹ́ pé aago kan wà níbẹ̀ tó kàn ń dúró de ẹni tó máa mì í.

Ọlọ́run á bù kún yín, ọwọ́ yín ò ní di ọwọ́ òfo. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra ìgbéyàwó.

Àwa ni, Pásítọ̀ yín àti Ìyá Ìjọ, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó.