Àtè Aránbàtà
Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, a sábà máa ń rí aránbàtà nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró, agolo àtè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé e níka, gbogbo wa ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n hexane, èròjà tí ń bẹ nínú àtè mìíràn, a máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò fi kú tipiri.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀gá nìkan ní í san owó adójútòfò ìjàǹbá iṣẹ́ fún CNSS: 1 sí 4 nínú 100 owó oṣù. A kì í yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́.

Síbẹ̀, bí a bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, owó ìkọ́ṣẹ́ àti ọtí (ọtí kì í pẹ́ dé!) ni à ń jíròrò. A kì í wo fèrèsé. A kì í bèèrè CNSS.