Ìjà Tó Kù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ kíndìnrín ní Èkó ní 2000, owó iṣẹ́ abẹ ni à ń sáré dá jọ fún aláìsàn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró, tí tirẹ̀ le jù. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ-ogun ara wa, kò mọ àlejò yàtọ̀ sí olè: bí ó ti ń lé kòkòrò àrùn náà ni ó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn tí a fi sí ni lára. A kò sì lè pa á run. Nígbà ọyẹ́ nílé wa ní Ṣàrẹ́, eruku àti èéfín igi ìdáná ń bá èémí wọlé. Ta ni yóò gbèjà ẹ̀dọ̀fóró bí kò ṣe òun náà? Oògùn ní láti rọ̀ ọ́ níwọ̀n, lójoojúmọ́, títí ayé. Ní 1963, ọjọ́ 18 ni ẹni tí James Hardy kọ́kọ́ ṣe é fún lò. Ní 1983, tí cyclosporine ti dé, ti Joel Cooper ní Toronto lò ju ọdún 6 lọ.

Kí ètò adójútòfò ìlera gba ẹrù oògùn yìí, ọdún dé ọdún.