Ẹ fi ṣíbí lé Màmá lọ́wọ́!

Ká ní rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá kan n'Ílá-Ọ̀ràngún, wọ́n sáré gbé wọn dé ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà, ẹ̀mí ò bọ́. Kí ló kàn? Máàkì ni! Nínú ìwọ̀n Barthel, tó jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1965, ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun gba 10 nínú 100; ẹni tó ń dá rìn gba 15. Ohun tí aláìsàn ń ṣe fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tí ẹbí ń bá a ṣe.

Àmọ́ ọmọ ti gbá ṣíbí mú: “Màámi, ẹ lanu.” Ìfẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ò ṣiṣẹ́ á gbàgbé iṣẹ́. Bí dókítà bá ti ní wọ́n lè gbé oúnjẹ mì, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ta sáṣọ. Aṣọ ṣeé fọ̀.