Lẹ́tà Tí Ẹ́ḿbásì Fi Dá Yín Lóhùn

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Párís kì í lò tó wákàtí mẹ́ta lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ fi ìsinmi Àjíǹde wo Párís yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, yóò mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, ó parí. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà kò rí i bẹ́ẹ̀. Físà tí Bírítéènì fún un láti kàwé kò ṣílẹ̀kùn Faransé fún un. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà Schengen, èyí tí orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù jọ ń lò. Ọ̀pọ̀ ló ti béèrè fún un tó jẹ́ pé lẹ́tà pélébé kan ni wọ́n bá nínú ìwé ìrìnnà wọn dípò físà. Àwọn yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ó dunni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni owó físà náà ti di 90 yúrò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ẹ ro owó ilé iṣẹ́ tó ń bá ẹ́ḿbásì gba fọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ẹ ro owó ọkọ̀ lọ síbi ìtẹ̀ka. Fún ẹni tí òfin kò gbà láàyè láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ìtìjú. Ẹlòmíràn yóò pe ilé, wọn yóò sì ní kó gbààwẹ̀ nítorí aráyé. Èmi kò bá àdúrà jà, ṣùgbọ́n kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka lẹ́tà náà.

Irú lẹ́tà kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen fi ń kọ̀, òfin sì pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ìdí. Àwọn ìdí wà lára rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kéékèèké, òṣìṣẹ́ yóò fa àmì sí èyí tó bá kàn yín. Ibi tí àmì yẹn wà ni ìwé yín kejì gbọ́dọ̀ dojú kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìdí ìrìn àjò rẹ̀ kò yé wọn yóò lọ máa wá owó kún àpò báǹkì, yóò sì tún gbé ètò ìrìn àjò àná padà lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ètò ìrìn àjò yẹn gan-an lè jẹ́ àrùn náà. Orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti pẹ́ jù lọ ni òfin ní kí ẹ béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ óò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Nítorí pé ọjọ́ ìpàdé Ítálì yá ju ti Faransé lọ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ Ítálì, alẹ́ márùn-ún ní Párís àti alẹ́ kan ṣoṣo ní Róòmù ló sì kọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ka irú ìwé yẹn kò ní láti kórìíra ẹnikẹ́ni kó tó bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni yìí ń wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba àlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn ẹbí wa ti máa ń ṣe wá ní jàǹbá. Àpò báǹkì tí kò ju 300 pọ́n-ùn lọ rí yóò ṣàdédé gba 2,000 lọ́wọ́ àǹtí kan ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìtẹ̀ka. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ni ẹ́ḿbásì sábà máa ń béèrè, owó òjijì sì máa ń yọ gedegbe nínú rẹ̀. Aṣọ àyálò ni lójú wọn. Bí àǹtí ló ń sanwó ní tòótọ́, kí àǹtí jáde síta: fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún onígbọ̀wọ́. Kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi àkọsílẹ̀ báǹkì tirẹ̀ àti ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kí ìwé tó fi hàn bí ẹ ṣe tan wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé nílé wa, ọ̀rẹ́ ìyá ẹni náà ń jẹ́ àǹtí. Lójú òṣìṣẹ́ ará Faransé, ẹni tó bá bàbá tàbí ìyá yín tan ni. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Bí kò bá sì sí onígbọ̀wọ́, ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú kan pẹ̀lú owó kékeré tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó jọ ṣeé gbà gbọ́ ju ọjọ́ mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin lọ.

Àpótí tó ń bí àwọn ọmọ wa nínú jù ni èyí tó ń ṣiyèméjì pé ẹ óò kúrò kí físà tó parí. Ẹni tó san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn owó ilé ìwé ní Bírítéènì, kí ni yóò máa sá pamọ́ sí Faransé ṣe? Ìbínú náà tọ́. Síbẹ̀, Bírítéènì ni ilé tí wọ́n ń retí pé kí ẹ padà sí, kì í ṣe Ìbàdàn, ẹ̀rí ohun tó ń dúró dè yín níbẹ̀ ni wọ́n sì ń wá: lẹ́tà yunifásítì tó sọ ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò parí, ìwé ilé tí ẹ háyà, lẹ́tà ibi iṣẹ́ tó sọ pé wọ́n fún yín ní ìsinmi. Káàdì BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, nítorí náà ẹ tẹ ẹ̀rí eVisa yín jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ́ḿbásì ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fẹ́ kí físà Bírítéènì ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣe oyè kejì ọlọ́dún kan fi ní ohun tó lè tọ́ka sí nígbà ìsinmi Àjíǹde ju oṣù kẹsàn-án lọ, nígbà tó ti fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ tán.

Àwọn kan á ní kí ẹ sá kúrò lọ́dọ̀ Faransé, kí ẹ lọ sí Sípéènì, kí ẹ má sì mẹ́nu kan ti tẹ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan ni gbogbo wọn jọ ń wò, VIS ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń tọ́jú ìtẹ̀ka àti ìwé ìbéèrè yín fún ọdún 5. Èyí tó burú jù wà ní Bírítéènì fúnra rẹ̀: fọ́ọ̀mù físà tiwọn máa ń béèrè bóyá orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ̀ yín rí, ẹ̀tàn nínú ìbéèrè físà sì lè mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún 10. Nítorí òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Párís!

Kíkọ̀ fúnra rẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Òfin físà Schengen sọ ní kedere pé kíkọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ìbéèrè tuntun di ohun tí wọn yóò kọ̀ láìwò. Kò sí iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró. Nínú lẹ́tà ìṣáájú, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ̀, ẹ sọ ìdí tí wọ́n fà àmì sí, kí ẹ sì tọ́ka sí ìwé tuntun tó dáhùn rẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó.

Ẹ̀tọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà pẹ̀lú, ọ̀nà rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà náà. Bí òṣìṣẹ́ bá fojú fo ìwé tí ẹ ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n Jámánì ti fòpin sí àtúnyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ẹ́ḿbásì láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ilé ẹjọ́ tàbí ìbéèrè tuntun ló kù níbẹ̀. Fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé lóòótọ́, ìbéèrè tuntun ló yá.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ó sì lè di 45 bí wọ́n bá fẹ́ yẹ nǹkan wò sí i. Ẹni tó ń fojú sọ́nà fún Àjíǹde tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ìpàdé láti oṣù kẹwàá.