Ìkòkò Kan, Ẹnu Méjì

Láti ọwọ́ Ará Ìjú

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Pẹ́ǹ-Sínímà l'Ágége, tó gba Fágbà dé Ìjú, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfakò-Ìjàyè ló wà. Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta kọjá Abúlé-Ẹ̀gbá lọ sí Alákukọ yóò bá káńsù mìíràn pàdé: Òjòkòrò. Òjòkòrò ní alága, ó ní kańsẹ́lọ̀, ó ní ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà bíi ti káńsù yòókù. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni orúkọ nínú ìwé òfin Nàìjíríà. Tí owó tí wọ́n ń pín fún àwọn káńsù lóṣooṣù bá ti Àbújá dé, Ìfakò-Ìjàyè nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ kan ṣoṣo ni, ọwọ́ méjì ló ń bù ú.

Ìjọba ológun Abacha ló yọ Ìfakò-Ìjàyè kúrò lára Agége ní 1996. Ní 2003, ìjọba Bọ́lá Tinubu l'Ékòó yọ Òjòkòrò kúrò lára Ìfakò-Ìjàyè, nígbà tó fi káńsù 37 kún 20 tó wà nílẹ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, ó ti owó àwọn káńsù Èkó pa ní 2004. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà. Ó ní ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé owó. Ó tún ní àwọn káńsù tuntun kò tíì pé, àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó borí, ó di 2007, lábẹ́ Ààrẹ Yar'Adua, kí owó tó jáde.

Kí ló wá mú Èkó máa wá káńsù kún káńsù? Àwọn kan ní ìjẹkújẹ àwọn olóṣèlú ni, wọ́n sì ní díẹ̀ tí wọ́n fi jàre. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà, 27 oṣù Karùn-ún 1967, ni ìjọba ológun Gowon dá ìpínlẹ̀ Èkó àti Kánò sílẹ̀. Wọ́n yọ Jígáwá kúrò lára Kánò ní 1991. Lónìí, Kánò nìkan ní káńsù 44, Jígáwá ní 27. Ìyá àtọmọ jẹ́ 71. Èkó ní 20. Ìkànìyàn 2006, èyí tí Èkó fúnra rẹ̀ kò gbà, ní ènìyàn 9,401,288 ló wà ní Kánò, 9,113,605 sì wà l'Ékòó. Káńsù Kánò kan ń tọ́jú bíi ènìyàn 213,000, ti Èkó ń tọ́jú bíi 455,000. Síbẹ̀, nínú owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pín ní ọgbọọgba fún káńsù 774, láìka iye orí. Ìdá 30 péré ni wọ́n fi orí ènìyàn pín.

Àwọn káńsù ìgbèríko náà ní ẹjọ́ wọn. Káńsù tó wà lóko Ìbàràpá tàbí Ìmẹ̀kọ kò ní gáréèjì ńlá, kò ní ọjà aláràbarà, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn ju agbára rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún Ìfakò, ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ará ìlú má rò pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ di ìjà oko àti ìlú. Nínú owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, Àbújá ló mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ mú 26.72, gbogbo káńsù 774 lápapọ̀ ń jà lórí 20.60. Ní 2022, àjọ tó ń rí sí pípín owó náà gbé ìlànà tuntun lọ bá Ààrẹ Bùhárí. Iye tí wọ́n dábàá fún àwọn káńsù ni 21.04. Ìdá 0.44 ni àlékún lẹ́yìn gbogbo àròyé yẹn! Ibẹ̀ ni káńsù oko àti káńsù ìlú ti yẹ kí wọ́n jùmọ̀ pariwo.

Òmíràn á ní Ìfakò-Ìjàyè sún mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Ògbà àti Ìkẹjà, kí ló ń sunkún owó sí? Owó-orí ilé-iṣẹ́ ńlá, Àbújá ló ń lọ. Owó-orí òṣìṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á. Ohun tó kù fún káńsù ni owó ṣọ́ọ̀bù, ọjà àti gáréèjì. Tírélà ló ń gba àdúgbò kọjá. Káńsù ló ni gọ́tà tó wó.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ̀rọ̀. Adájọ́ Emmanuel Agim ka ìdájọ́ pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró mọ́, kí Àbújá lè san án tààrà. Ìdájọ́ tó dára ni, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n ta ni Òjòkòrò nínú rẹ̀? Tí owó bá wọ àpò Ìfakò-Ìjàyè tààrà, kò sí òfin àpapọ̀ kankan tó ní kí alága ibẹ̀ fún ẹlòmíràn ní kọ́bọ̀. Àpò ìpínlẹ̀ tí owó káńsù ń gbà kọjá, èyí tí gbogbo ayé ń bú, òun náà ni òpó tí àwọn káńsù 37 fara tì. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ó yẹ kí wọ́n ti gbé òpó mìíràn dúró.

Ìfakò-Ìjàyè ní aṣojú tirẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùújá, Òjòkòrò sì wà lára àwọn tó dìbò yàn án. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí ilé ẹjọ́ ti sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Nígbà tí aṣojú náà bá tún dé Alákukọ láti tọrọ ìbò ní 2027, kí àwọn ará ibẹ̀ bi í bóyá ó ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀.