Ẹni Tí Ó Ṣíwájú Kò Tíì Borí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbójú fò nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá péjọ láti fa olùdíje kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ìbò ju olúkúlùkù àwọn tí ó bá a díje lọ, ṣùgbọ́n tí ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì, ṣé ó tọ́ kí àwọn aṣojú gbé àsíá ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà? Èrò tèmi ni pé kò tọ́. Kí wọ́n tún ìbò dì.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993, nígbà tí ẹgbẹ́ SDP ń wá ẹni tí yóò díje fún ipò Ààrẹ. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní ìbò 3,617, Babagana Kingibe ní 3,255, Atiku Abubakar sì ní 2,066. Abíọ́lá ni ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n bí a bá ro ìbò àwọn méjì yòókù pọ̀, ó ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Ẹgbẹ́ náà kò tìtorí pé ó ṣíwájú kí wọ́n sì fà á kalẹ̀ wàrà-wàrà. Wọ́n tún ìbò dì láàárín òun àti Kingibe, Abíọ́lá sì borí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo àárín wọn kò fẹ̀. Kingibe tí ó fìdí rẹmi yìí kan náà ni ó wá di igbákejì rẹ̀ nínú ìdíje, tí àwọn méjèèjì sì jọ jáde fún ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ẹgbẹ́ PDP ṣe tirẹ̀ ní Àbújá, ní pápá ìṣeré tí a fi orúkọ Abíọ́lá pè. Atiku ní 371, Nyesom Wike ní 237, Bukola Saraki ní 70, àwọn mìíràn sì pín ìyókù. Nínú ìbò tí ó lé ní 750, 371 kò tó ìdajì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó kù. Síbẹ̀, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Gómìnà márùn-ún, títí kan ti Ọ̀yọ́, kọ̀ láti bá olùdíje náà ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ náà sì pàdánù ìdìbò ọdún 2023. N kò sọ pé àìtún-ìbò-dì ni ó fa gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀ràn alága ẹgbẹ́ àti ti ìhà tí ipò yóò lọ wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n tún ìbò dì, tí Atiku sì borí, agbára tí yóò fi pe àwọn tí inú ń bí mọ́ra ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìdìbò kejì yóò ṣí ilẹ̀kùn fún owó àti àdéhùn abẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò tì nígbà ìdìbò kìíní. Ní Àbújá níjọ́ náà, Aminu Tambuwal juwọ́ sílẹ̀ fún Atiku kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí òfin rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú, kí ó jẹ́ àárín ẹni méjì tí ó ṣíwájú nìkan, kí wọ́n dì í lójú kan náà, kí wọ́n sì kà á ní gbangba. Kì í ṣe pé kí àwọn àgbààgbà wọ inú yàrá lọ, kí wọ́n sì mú ẹnì kẹta jáde. Ìyẹn yóò rẹ́ gbogbo àwọn tí ó dìbò jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di aṣojú lọ́la, ẹ mọ̀ pé ìbò tí ó wà lọ́wọ́ aṣojú kì í ṣe ohun-ìní rẹ̀, àmánà ni. Ipò iwájú fún olùdíje ní ẹ̀tọ́ láti dé ìpele kejì. Kò fún un ní adé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka méjì sọ̀yà ní orúkọ gbogbo yín.